Bọ̀dá Mi àti Ọ̀dà Tó Ń Fara Da Iná

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìyà ṣe ń wá èèyàn wá sórí ìjókòó rẹ̀, ẹ ṣí ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà, kí ẹ sì ní ẹ̀gbọ́n tó ń kun mọ́tò. Èmi ní méjèèjì. Ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí ọgbà àwọn mẹkáníìkì tí bọ̀dá mi ti ń ṣiṣẹ́; títì kan péré ló wà láàárín wa. Bó bá sín lọ́hùn-ún, mo lè kí i níbi tí mo wà. Ọmọ ìyá kan náà ni wá, ó fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ, lójú rẹ̀ "ẹ̀yin" ni mò ń pè é. Níbí yìí, "ó" ni màá máa lò, torí inú ṣì ń bí mi sí i.

Jígí ni gbogbo ọgbà ń pè é, nítorí pé bó bá kun ilẹ̀kùn mọ́tò tán, ọkùnrin lè dúró síwájú rẹ̀ kó fá irùngbọ̀n. Bàbá àgbàlagbà kan ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ọdún méjì gbáko ni bàbá náà kò fi jẹ́ kó fọwọ́ kan ìbọn tí wọ́n fi ń fọ́n ọ̀dà. Sáńpépà ló ń fi ha irin láti àárọ̀ dalẹ́, títí ìka rẹ̀ fi ń dán ju irin lọ. Bàbá náà sì kọ́ ọ ní ohun kan tó di àkọ́sórí: ojú la fi ń mọ̀ pé ọ̀dà tó, ọwọ́ la fi ń mọ̀ pé ó gbẹ, imú la fi ń mọ̀ pé ó jinná, ẹni tó bá ń wo aago kò mọ iṣẹ́. Bàbá náà ti kú, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò kú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn ló fẹ́ pa mí.

Èèyàn dáadáa ni bọ̀dá mi o. Kì í mutí, kì í jà, ó ti rán ọmọ mẹ́ta níwèé yanjú, ìyàwó rẹ̀ kò sì fẹjọ́ rẹ̀ sun ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n kó wá ra ọ̀dà! Oníbàárà mìíràn á wọlé, á dárúkọ ohun tó fẹ́, á sì lọ. Jígí á kọ́kọ́ bèèrè bí mo ṣe sùn, á jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, á ní kí n gbé gbogbo agolo tó wà lórí pẹpẹ wá sílẹ̀. Á mi èyí, á gbé e sétí bí ẹni ń gbọ́ àṣírí. Á kán díẹ̀ sórí èékánná àtàǹpàkò rẹ̀, á gbé e jáde lọ sínú oòrùn, á wò ó wò ó, á tún padà wọlé. "Kò wù mí." Agolo mọ́kànlá ti wà nílẹ̀ o, kò sí èyí tó wù ú.

Tó bá wá jẹ́ ọ̀dà ẹ́ńjìnnì ló fẹ́ rà, ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọ̀dà ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ọ̀dà ilẹ̀kùn. Mo ti sọ ọ́ débi pé itọ́ gbẹ lẹ́nu mi: ọmọrí ẹ́ńjìnnì kì í fi bẹ́ẹ̀ gbóná, ọ̀dà tí wọ́n kọ igba ìwọ̀n ooru sí lára ti tó o, ó sì máa ń dán. Ṣùgbọ́n páìpù tó ń gbé èéfín jáde láti inú ẹ́ńjìnnì, ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ọ̀dà ẹgbẹ̀ta ló bá a mu, ọ̀dà ẹgbẹ̀ta kì í sì í dán. Bí eérú ló rí. Ta ni mo fẹ́ sọ ìyẹn fún? Jígí?

"Wá èyí tó ń dán fún páìpù."

"Bọ̀dá, kò sí."

"Èyí tó ń dán, tó sì gba ẹgbẹ̀ta."

"Wọn ò ṣe é. Kò sí níbì kankan."

"Wo ẹ̀yìn àpótí yẹn."

Ẹ̀yìn àpótí! Àfi bí ẹni pé mo fi í pamọ́ de ọkọ mi.

Ohun kan tún wà nípa ọ̀dà yìí tó yẹ kí ẹ mọ̀. Bí wọ́n bá kùn ún tán, wọ́n gbọ́dọ̀ sè é kó jinná. Wọ́n á tan ẹ́ńjìnnì, ooru á mú ọ̀dà, ọ̀dà á máa rùn. Wọ́n á pa á kó tutù, wọ́n á tún tàn án. Bí òórùn náà bá tán pátápátá, ó ti jinná nìyẹn. Bí awakọ̀ bá gbé mọ́tò sáré kó tó jinná, ńṣe ni ọ̀dà á wú, á sì máa ṣí bí awọ ẹni tí omi gbóná jó. Àwọn tó ṣe ọ̀dà kọ iye ìṣẹ́jú sára agolo, ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí wọ́n tàn án, ẹ̀ẹ̀mẹta ni kó tutù. Ṣùgbọ́n bọ̀dá mi kì í ka ìṣẹ́jú. Imú ni bàbá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ń lò, imú ni òun náà ń lò.

Báyìí la ṣe wà tí Tísà fi dé. Tísà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ó ra mọ́tò àtijọ́ kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju ti àbíkẹ́yìn rẹ̀ lọ, ó sì fẹ́ tún un ṣe títí dé ẹ́ńjìnnì. Ó fẹ́ máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì níwájú ilé kí ẹnu ya àwọn aládùúgbò. Bọ̀dá mi ra ọ̀dà lọ́wọ́ mi, igba fún ọmọrí, ẹgbẹ̀ta fún páìpù, lẹ́yìn tí a ti fi odidi àárọ̀ kan jiyàn. Ó kùn ún. Ó dára, mi ò ní purọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, Tísà padà dé pẹ̀lú àpò ìwé kan lọ́wọ́. Ó ti ṣa gbogbo èépá ọ̀dà tó ṣí lára páìpù sínú rẹ̀, ó kọ ọjọ́ àti wákàtí tó rí ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn àpò náà, bí ẹni ń máàkì ìdánwò.

Kí ni bọ̀dá mi sọ? Ó dúró láàárín ọgbà, níbi tí mo ti ń gbọ́ ọ ketekete, ó ní ayédèrú ni ọ̀dà tí àbúrò òun tà fún òun.

Ayédèrú! Èmi tí mo ń ka gbogbo agolo lójú àti lẹ́yìn kí n tó gbà á lọ́wọ́ alájàpá! Mo sọdá títì láì wo ọ̀tún, láì wo òsì.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ sè é jinná?"

"Ta lò ń bi?"

"Ẹ̀yin ni mò ń bi."

"Mo ti ń se ọ̀dà kó o tó mọ orúkọ ẹ̀."

Ó gba agolo mìíràn, ó ha gbogbo ọ̀dà ara páìpù náà dànù, ó tún un kùn. Ọjọ́ kẹsàn-án, Tísà tún dé, àpò ìwé rẹ̀ tún kún. Bọ̀dá mi tún pariwo ayédèrú. Láti ọjọ́ náà ni àwọn mẹkáníìkì tó ti ń rajà lọ́wọ́ mi láti ọdún gbọ́nhan ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá níwájú ilẹ̀kùn mi, wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà tó wà ní ìkángun títì. Wọ́n á kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà: "Ìyá Ọlọ́dà, ẹ kú iṣẹ́ o!" Wọ́n á sì kọjá. Ó dùn mí dé egungun.

Ọ̀gá tó ni ọgbà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó pe bọ̀dá mi síwájú gbogbo èèyàn, ó ní: "Jígí, ẹ̀ẹ̀kẹta lo fẹ́ kùn ún yìí. Tí èyí bá tún ṣí, màá gbé igun yẹn fún péńtà mìíràn. Mi ò lè máa fi ojoojúmọ́ bẹ Tísà."

Igun tí Ọ̀gá ń sọ, abẹ́ páànù ni, lápá òsì ọgbà, ògiri méjì péré ló ní. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni bọ̀dá mi ti fi ń dán ìbọn ọ̀dà wò sára ògiri náà, ọ̀dà ti nípọn níbẹ̀ bí èèpo igi. Òun fúnra rẹ̀ ti lé ní àádọ́ta ọdún. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn, kò sì sí ẹni tí yóò fún péńtà ọlọ́jọ́ orí bẹ́ẹ̀ ní igun tuntun nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ kún ìgboro. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí inú ṣe ń bí mi tó, ẹ̀rù igun yẹn ń bà mí.

Ní ọjọ́ kejì, mò ń gbé kẹ́ẹ̀gì tínà, omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà kó lè ṣàn, ni ìdérí rẹ̀ já. Ìdajì rẹ̀ dà sílẹ̀ gbàràdà. Ẹni tó bá mọ tínà mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Oníbàárà tó dúró níwájú mi fi ọwọ́ bo imú, ó sá jáde láì mú ṣéńjì. Mo ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mò ń fi àkísà nu ilẹ̀, mò ń wúkọ́.

Bọ̀dá mi wọlé, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jìnnà tó ìdajì ẹsẹ̀ bàtà sí ibi tí tínà náà dúró sí. Omi ń jáde lójú tòun náà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún.

"Eruku pọ̀ lóde lónìí," ó ní. "Ṣé o sùn dáadáa? Gbé ọ̀dà ẹgbẹ̀ta wá, kí n tún wò ó."

Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo gbójú sókè. Ojú rẹ̀ kò fi yẹ̀yẹ́ hàn.

"Bọ̀dá, ẹ ò gbóòórùn nǹkan ni?"

"Òórùn kí ni?"

Mo dúró pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́. Ó wo àkísà, ó wo ilẹ̀, ó wo kẹ́ẹ̀gì tó dojú bolẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá wo ojú mi, ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu òun.

"Tínà ló dà?" ó rọra bèèrè.

"Tínà ló dà. Gbogbo àdúgbò ló ti mọ̀. Ó tó ìgbà wo?"

Ó na ọwọ́, ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà nàró. Mo tún béèrè.

"Láti ìgbà ọ̀fìnkìn tó dá mi gúnlẹ̀ lọ́dún tó kọjá," ó ní. "Mo rò pé á padà. Kò padà. Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó mi gan-an ò mọ̀. Tí wọ́n bá gbọ́ pé imú péńtà ti lọ, wọ́n á ní ojú ẹ̀ ló kàn."

"Ọ̀dà Tísà wá ńkọ́? Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó jinná?"

"Mo fojú díwọ̀n ẹ̀."

"Ẹ fojú díwọ̀n ẹ̀! Ẹ wá mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀dà mi."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì ń pariwo ayédèrú láàárín ọgbà!"

"Kí ni ǹ bá sọ?" ó ní. "Àbúrò, kí ni ǹ bá sọ?"

Ẹ wò ó, ó ń ṣe mí bíi kí n da ìyókù tínà náà lé e lórí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń yẹ agolo mi wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo tiẹ̀ bá alájàpá tó ń kó o wá jà, ọmọlúwàbí èèyàn tí kò ṣe mí ní nǹkan kan. Gbogbo rẹ̀ wá já sí pé ẹ̀gbọ́n mi ò lè sọ pé ara òun ò dá. Àwọn àgbà ní ohun tó bá ojú ti bá imú. Lọ́dọ̀ tiwa, imú ló kọ́kọ́ bá, ojú tèmi ló sì ń da omi.

Nígbà tí mo sunkún tán, mo gbé agolo ọ̀dà ẹgbẹ̀ta síwájú rẹ̀, mo fi ìka tọ́ka sí ibi tí wọ́n kọ ìṣẹ́jú sí. Mo ní bí kò bá gbọ́ tèmi lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní ta ọ̀dà fún un mọ́ títí ayé. Ó ní ẹni tó bá ń wo aago kò mọ iṣẹ́. Mo ní ẹni tí kò ní igun náà kò mọ iṣẹ́. Ó ní kí n jẹ́ kí òun ronú sí i. Ó rò ó, ó bèèrè bóyá mo ní èyí tó ń dán díẹ̀. Ọlọ́run ló kó mi yọ tí mi ò bú ẹ̀gbọ́n mi lójúkojú.

Lọ́jọ́ tó fẹ́ kùn ún, mo ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, mo sọdá. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha páìpù náà títí irin fúnra rẹ̀ fi hàn, ó fi tínà nù ún, kò fi ọwọ́ kàn án mọ́. Kí n sọ òótọ́, bí ó bá ń ṣiṣẹ́, ó wuni í wò. Ó fọ́n ọ̀dà náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nígbà mẹ́ta, kò sí ibì kan tó ṣàn. Lẹ́yìn tó gbẹ, ó tan ẹ́ńjìnnì. Aago wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Aago ìgbéyàwó rẹ̀ ni, kò lò ó rí níbi iṣẹ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó pa á. A dúró kó tutù. Ogún ìṣẹ́jú, ó tún pa á. Òórùn ọ̀dà yẹn gba inú orí mi kan. Àwọn mẹkáníìkì ń wò mí, wọn ò mọ ohun tí Ìyá Ọlọ́dà wá ṣe.

Bọ̀dá mi sún mọ́ mi. "Ó ti tó," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Kò tíì tó. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan."

"Mo ti ń ṣe é bọ̀..."

"Bọ̀dá, ó ń rùn!"

"Rọra sọ̀rọ̀!"

"Ẹ wo aago yín, ẹ fi mí sílẹ̀!"

Ó yọjú wo aago bí ẹni tí wọ́n fi ọbẹ sí lọ́rùn. Nígbà tó tutù, ó tàn án lẹ́ẹ̀kẹta, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pé. Kí ó tó pa ẹ́ńjìnnì, òórùn náà ti lọ, mo sì mi orí fún un pé ó ti tó. Ó bínú sí mi títí di ìrọ̀lẹ́ nítorí pé mo tọ̀nà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé sáńpépà díẹ̀ lọ sí ọgbà fún ẹni tó bèèrè rẹ̀, mo bá Tísà níbẹ̀. Ó ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì gbaya. Gbogbo èèyàn pagbo yí i ká. Páìpù náà dúdú, ó mọ́, kò sí ibi tó wú, kò sí ibi tó ṣí. Ọ̀gá fi ìka rẹ̀ tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Jígí, o ṣe é," ó ní. "Igun ẹ ṣì jẹ́ tìẹ. Àmọ́ ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Iṣẹ́ kan náà, ọwọ́ kan náà. Kí ló ṣe ti méjì àkọ́kọ́?"

Bọ̀dá mi gbá ìbọn ọ̀dà mọ́ àyà. Bí ó bá ní òun kò sè é jinná, Ọ̀gá á bèèrè ohun tó fà á tí péńtà ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kò fi mọ ọ̀dà tó jinná. Kò sí ibi tí ìbéèrè yẹn lè parí sí ju imú rẹ̀ lọ. Gbogbo ojú ń wò ó. Òun ń wo ẹsẹ̀ mi.

"Ọ̀dà mi ni, Ọ̀gá," mo ní. "Ó ti pẹ́ jù lórí pẹpẹ kí n tó tà á fún wọn. Mo ti kó ìyókù dànù."

Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà; owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Wọ́n rà á kíá. Ọ̀gá mi orí, ó ní, "Ìyá Ọlọ́dà, ẹ ò ṣe dáadáa o." Tísà wò mí bí akẹ́kọ̀ọ́ tó jí ìwé wò. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi.

Mo dúró díẹ̀. Mo rò pé yóò sọ nǹkan. Mi ò retí ọ̀rọ̀ gígùn, kó ṣáà ní "rárá" lásán, kó ní "kò rí bẹ́ẹ̀." Jígí tó lè jiyàn lórí agolo mọ́kànlá láti àárọ̀ di ọ̀sán, Jígí tí kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ parí rí láti kékeré. Kò sọ nǹkan kan. Mo yí padà, mò ń lọ.

Ó lé mi bá létí títì.

"Àbúrò."

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Bọ̀dá."

Mi ò tíì jẹun. Ó dúró níbẹ̀ títí mo fi sọdá, ó sì padà sínú ọgbà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mẹkáníìkì kan gba iwájú mi kọjá pẹ̀lú agolo ọ̀dà ẹ́ńjìnnì méjì tí ó rà ní ìkángun títì. Ó kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ó wọ inú ọgbà, ó gbé wọn fún bọ̀dá mi. Bọ̀dá mi gbójú sókè, ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà mi. A wo ara wa díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gba agolo méjèèjì, ó mi ọ̀kan, ó gbé e sétí, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Mo jókòó, mo bú u nínú ikùn mi títí ilẹ̀ fi ṣú, mo sì ń gbàdúrà kí ọ̀dà yẹn má ṣí.